Ẹ̀dà Méjì Nínú Kọ̀ǹpútà Bàbá

Òjò ń rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí obìnrin náà gbé kọ̀ǹpútà wọ ṣọ́ọ̀bù bí ẹni gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá. Gèlè rẹ̀ ló fi bo ẹ̀rọ náà. Omi ń kán láti orí òun fúnra rẹ̀. Ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe gbójú sókè, ó sì gbàgbé síkúrù tó ń dè lọ́wọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ̀yin ni wọ́n ń pè ní Dókítà?"

"Èmi ni, tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà lara rẹ̀ ò yá. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin, ẹ kọ́kọ́ gba táwẹ́ẹ̀lì."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí, Dókítà ṣì lè júwe ẹ̀rín yẹn fún èèyàn.

Olùkọ́ ìṣirò ni obìnrin náà. Bàbá rẹ̀, awọnlẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, ló ni kọ̀ǹpútà. Bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ètò kan sínú rẹ̀ tó ń ṣírò ìwọ̀n ilẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi kọ ọ́. Oṣù tó kọjá ni àbúrò bàbá gbé ẹ̀rọ náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan kí wọ́n lè fi ẹ̀dà tuntun sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń kọ ètò sí i, nítorí olùkọ́ fẹ́ fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ẹni tó ṣe é pa ẹ̀dà àtijọ́ rẹ́, iṣẹ́ bàbá sì bá a lọ.

"Bàbá ò jẹun dáadáa mọ́," ni olùkọ́ wí. "Ìwé àjákọ tó kọ́kọ́ kọ ọ́ sí ṣì wà, ṣùgbọ́n ẹ̀dà àtijọ́ nìkan ló gbọ́ èdè rẹ̀. Èmi náà nílò tuntun. Ṣé méjèèjì lè gbé inú kọ̀ǹpútà kan?"

"Wọ́n lè gbé e dáadáa. Ká ṣáà fún oníkálukú ní fódà tirẹ̀, ká má sì sọ wọ́n lórúkọ kan náà. Téèyàn bá ti dárúkọ èyí tó fẹ́, òun ló máa dáhùn."

Dókítà yí ẹ̀rọ náà, ó rí ibi tó ti ha lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì dá a mọ̀. Ọkùnrin kan ti gbé e wá fún un lóṣù tó kọjá. Òun gan-an ló pa ẹ̀dà àtijọ́ rẹ́. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n olùkọ́ ti ń wò ó bí ẹni wo olùgbàlà.

Ó wá ẹ̀dà àtijọ́ rí, ó fi méjèèjì sí i. Lẹ́yìn náà, ó ń lọ sílé wọn ní gbogbo Sátidé láti tún ètò náà tẹ̀. Ojú bàbá ti ń di bàìbàì, nítorí náà olùkọ́ ló ń ka ìwé àjákọ.

"Dókítà, ìka méjì péré lo fi ń tẹ̀ ẹ́?" ni olùkọ́ béèrè.

"Kí n lè pẹ́ níbí ni."

Ní Sátidé kẹrin, bàbá gbá a léjìká. "Ọmọ gidi ni ọ́. O ò dà bí aláìmọ̀kan tó ba iṣẹ́ mi jẹ́."

Dókítà dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, èmi ni aláìmọ̀kan náà."

"Jáde," ni bàbá wí.

Olùkọ́ sìn ín dé ẹnu géètì. "Pé o pa á rẹ́ kọ́ ló dùn mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lo fi ń wo ojú mi láìsọ fún mi." Ó ti géètì.

Fọ́tókọ́pì ojú ìwé tó kù wà lọ́wọ́ Dókítà. Oṣù kan gbáko ló fi tẹ̀ wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù, kò jẹ́ kí ìlà kan fò. Nígbà tó parí, ó mú dísìkì náà lọ bá bàbá láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"N ò wá bẹ̀bẹ̀, sà. Iṣẹ́ yín ni mo mú wá."

Bàbá ki dísìkì náà bọ inú ẹ̀rọ. Ó pe ẹ̀dà àtijọ́, ó fi ìwọ̀n ilẹ̀ tí ilé rẹ̀ dúró lé sí i. Nọ́ńbà jáde. Ó bọ́ gíláàsì, ó nu ojú.

"Ó pé," ló wí. Ìgbà tó yá, ó ní: "O ò lè parọ́ pẹ́, àbí?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni agbára mi mọ, sà."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi wà ní bálíkónì. Èmi ti dárí jì ọ́; ìbínú tirẹ̀ le ju tèmi lọ."

Olùkọ́ ń máàkì ìwé ìdánwò, kò gbójú sókè. "Kí ló tún kù tí o ò tíì sọ fún mi?"

"Nǹkan méjì. Mo máa ń hanrun."

"Ìkejì ńkọ́?"

"Mo fẹ́ fi ọ́ ṣe aya."

Bírò já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó he é. "Mo lè fara da ìhanrun. Ohun tó o bá fi pamọ́ fún mi ni mi ò ní fara dà."

"Mi ò tún ní ṣe é láé, ìfẹ́ mi."

Ó kó ìwé ìdánwò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sún lórí bẹ́ǹṣì kí ọkùnrin náà lè ráyè jókòó.