Ẹni Tó Bá Dáhùn Ni Yóò Fọ Abọ́

"Bàbá, bàtà yín kejì dà?"

"Ta ló sọ fún ọ pé méjì ni mo wọ̀ jáde?"

"Ṣé ẹsẹ̀ kan lẹ fi rìn lọ síbi iṣẹ́ ni?"

"Ṣé ẹsẹ̀ kan ò níyì tirẹ̀ ni?"

"Ẹ ò tiẹ̀ mọ ìgbà tó bọ́?"

"Ìwọ ńkọ́, ṣé o mọ ìgbà tí eyín rẹ àkọ́kọ́ bọ́?"

"Inú kíláàsì ni mo wà nígbà tó…"

Ọmọdébìnrin náà sáré fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde. Bàbá rẹ̀ nawọ́ sí ibi ìfọbọ́ tìdùnnú-tìdùnnú. Ìyá rẹ̀ gbé abọ́ mẹ́ta léra, ó sì tì wọ́n síwájú rẹ̀.

Òfin ilé wọn nìyẹn. Bí wọ́n bá ti jẹun alẹ́ tán, bàbá àti ọmọ yóò máa fi ìbéèrè pa ìbéèrè, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ dáhùn ni yóò fọ abọ́. Oníná ni bàbá náà. Òun ló ń fa wáyà sí ilé tuntun tó pọ̀ jù ní àdúgbò. Ọdún mẹ́rin gbáko ni kò ti fọwọ́ kan ọṣẹ ìfọbọ́. Òun náà ló fún ọmọ rẹ̀ ní ìnagijẹ Kílódé, nítorí pé ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ já gaara lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

Bí Kílódé ti ń fọ abọ́, ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láàárín oṣù kan tí bàtà yóò bọ́ lẹ́sẹ̀ bàbá rẹ̀ tí kò ní mọ̀. Ó tún ti ń di ògiri mú bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ṣùgbọ́n bí Kílódé bá ti béèrè pé kí ló ń ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀, inú eré ìbéèrè ni bàbá máa ń sá sí.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí gbogbo ilé-ìwé ń pè ní Gbajúmọ̀ fà á sẹ́yìn kíláàsì, ó sì fi ìwé pélébé kan lé e lọ́wọ́.

"Ìdáhùn ìdánwò bàọ́lójì ọjọ́ Ajé nìyí. Mẹ́wàá péré. Há wọn sórí, kí o sì sùn fọnfọn."

"Níbo lo ti rí i?"

"Ìwọ àti ìbéèrè! Ṣé o fẹ́ yege ni, àbí o fẹ́ fẹjọ́ mi sùn?"

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Kílódé ti fìdí rẹmi nínú bàọ́lójì. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì ti ìwé náà bọ inú báàgì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, bàbá rẹ̀ ń ṣa wáyà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kílódé jókòó tì í, ó ń kà á lákàtúnkà: "Ìkíní: ó ń sẹ́ ẹ̀gbin kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ìkejì: ó ń gbé ìròyìn lọ sí ọpọlọ…"

"Kí ló ń sẹ́ ẹ̀gbin?" bàbá rẹ̀ béèrè.

"Ìkíní ni, Bàbá."

"Ta ń jẹ́ Ìkíní? Ìbéèrè rẹ̀ ńkọ́?"

"Kò sí ìbéèrè níbẹ̀. Ìdáhùn nìkan ni."

Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ẹ̀mú fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìdáhùn tí kò ní ìbéèrè! Wáyà tí wọ́n gé lórí, tí wọ́n gé nídìí! Gílóòbù wo ni yóò tàn?"

Ojú ti Kílódé. Ó rún ìwé náà mọ́wọ́, ó jù ú sínú garawa ìdọ̀tí, ó sì lọ gbé ìwé bàọ́lójì rẹ̀ gan-an jáde. Ó kà á fún wákàtí méjì gbáko. Lẹ́yìn náà ó mú páìpù kan láàárín ẹrù iṣẹ́ bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín. Bó bá yé yín, á jẹ́ pé ó yé èmi náà."

"Ṣé tíṣà mi ò ní nà mí?"

"Ẹ wò ó. Egungun ẹ̀yìn ni páìpù yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ègé-ègé ni tiwa, tí wọ́n tò léra. Okùn rírọ̀ kan ti ìdí ọpọlọ gba inú rẹ̀ wá sísàlẹ̀. Okùn ọ̀pá-ẹ̀yìn nìyẹn. Kò fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju ìka ọmọńdinrín lọ. Ọ̀nà mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni iṣan ti ń yà lára rẹ̀, ọ̀kan sọ́tùn-ún, ọ̀kan sósì."

"Bí wáyà ṣe ń yà sí yàrá?"

"Gẹ́lẹ́! Àwọn kan ń gbé ìròyìn gòkè: ó gbóná, ó gún mi. Àwọn kan ń gbé àṣẹ bọ̀ wá sísàlẹ̀: gbé e, fà á, sáré."

"Bí ọpọlọ bá wá ń tòògbé ńkọ́?"

"Okùn náà lè dá àṣẹ kékeré pa fúnra rẹ̀. Ẹ jókòó sórí tábìlì, kí ẹsẹ̀ yín máa mì."

Ó fi ṣíbí onígi rọra lu abẹ́ orúnkún rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà ta pọ́ún, ó sì gbá agolo ìṣó dànù. Ìṣó fọ́n ká gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá sáré jáde láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

"Bàbá Kílódé, ta lẹ ń bá jà?"

"Ìyá Kílódé, ṣé o ò mọ̀ pé ẹṣin lo fẹ́ ni?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín Kílódé kò pẹ́. Ìwé sọ pé ẹsẹ̀ yóò gbé díẹ̀ ni. Kò sọ pé yóò ta bí ìbọn.

"Bàbá, ẹ dijú." Ó di àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó tẹ̀ ẹ́ sókè. "Òkè ni mo tẹ̀ ẹ́ sí, àbí ìsàlẹ̀?"

"Ṣé o ti fọwọ́ kàn án ni?"

Ọwọ́ Kílódé ṣì wà lára àtàǹpàkò náà.

"Bàbá, bí gílóòbù ò bá tàn, níbo lẹ ti máa ń bẹ̀rẹ̀?"

Kílódé kò dúró de ìdáhùn, ó ti mọ̀ ọ́n. Láti ìdí gílóòbù ni bàbá rẹ̀ ti máa ń yẹ wáyà wò, díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi kan ibi tí iná wà. Ó mú òwú, ó ní kí bàbá rẹ̀ sọ bó bá ti mọ̀ ọ́n lára, ó sì ń fi kàn án láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: ọrùn ẹsẹ̀, orúnkún, itan, abẹ́ ikùn. Bàbá dijú, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí òwú náà dé ìdodo, ó ní, "Hẹn! Òwú nìyẹn."

Kílódé gba ṣọ́ọ̀kì ìránṣọ ìyá rẹ̀, ó fa ìlà yí síńgílẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ̀ ká níbẹ̀.

"Ẹsẹ̀ yín kọ́ ló níṣòro. Ọ̀nà ló dí, lókè ibí yìí. Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa? Ṣé ẹ̀rù ń bà yín ni?"

Bàbá wo ìlà náà títí. Ọgbọ́n iṣẹ́ tirẹ̀ gan-an ni ọmọ rẹ̀ fi rí i. "Bí gbogbo wa bá lọ sí ilé-ìwòsàn," ó ní, "ta ni yóò ti ilẹ̀kùn?"

Ìyá ti wé gèlè tán.

"Ta ló fa ìlà yìí?" ni dókítà kọ́kọ́ béèrè. Nígbà tí àwòrán ẹ̀yìn jáde, dókítà obìnrin náà fi hàn wọ́n: tìmùtìmù tó wà láàárín egungun méjì ti yọ, ó sì ń tẹ okùn náà mọ́lẹ̀, ní ìwọ̀n ìka díẹ̀ péré lókè ìlà ṣọ́ọ̀kì. "Okùn náà kò tí ì já," ó ní. "Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jẹ́ kó pẹ́ jù báyìí lọ, ẹsẹ̀ yín lè má gbọ́ràn sí yín lẹ́nu mọ́ láéláé." Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà.

Ní ọjọ́ Ajé tó ṣáájú rẹ̀, gègé Kílódé sáré lórí ìwé ìdánwò. Ti Gbajúmọ̀ náà sáré, ṣùgbọ́n olùkọ́ ti pa ipò àwọn ìbéèrè dà. Nígbà tí wọ́n dá ìwé padà, olùkọ́ ka ìdáhùn kan síta: "Okùn ọ̀pá-ẹ̀yìn ń sẹ́ ẹ̀gbin inú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń da ìtọ̀ sínú àpò rẹ̀." Kíláàsì wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín, Gbajúmọ̀ fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló kọ ọ́, òdo ló sì gbà.

"Ìwọ lo gba ipò kejì," ó sọ fún Kílódé lẹ́yìn náà. "Kọ́ èmi náà, jọ̀ọ́."

"Màá kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mú ìbéèrè wá lọ́tẹ̀ yìí. Ìdáhùn tí a há sórí láìyé wa kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ká ní tìrẹ ni mo há sórí lọ́jọ́ Sátidé yẹn, bàbá mi ì bá má lè rìn mọ́."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, wọ́n jẹun alẹ́ tán. Bàtà méjèèjì wà lẹ́sẹ̀ bàbá. Kílódé bọ́ ọ̀kan lábẹ́ tábìlì.

"Bàbá, ìka wo ni mo dì mú yìí?"

"Ṣé èyí tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò kọ́?"

Ìyá pàtẹ́wọ́. Kílódé náà rẹ́rìn-ín, ó sì béèrè ohun tí kò tíì rí ìdáhùn sí láti ọjọ́ yẹn: "Bàbá, ṣé ẹ̀rù ò bà yín ni?"

Bàbá ya ẹnu láti fi ìbéèrè pa á, ó sì tún pa ẹnu dé. Ó dìde láìdi tábìlì mú. Ó kó abọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta léra, ó rìn lọ sí ibi ìfọbọ́, ó ṣí omi, ó sì mú ọṣẹ.

"Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi," ó ní. "Ó bà mí gan-an ni."