Apá Òsì Rẹ Ń Lọ Sílẹ̀

Ẹ̀yin ará mi, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè: bí ẹ bá gbọ́ ohùn ọmọ yín láti ẹ̀yìnkùlé, tó ń pè yín, tí ẹ sì mọ̀ dájú pé ọmọ náà kò sí nítòsí, ṣé ẹ ó dáhùn?

Ẹ má tíì fún mi lésì. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá kan ní Iyere, lẹ́bàá Ọ̀wọ̀ níbí. N kò bù mọ́ ọn, n kò sì yọ kúrò nínú rẹ̀. Ọlọ́run tí mò ń sìn ń gbọ́ mi. Ìyá náà wà láàyè, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni a jọ ń lọ.

Fúnmiọlá ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Ṣèyí ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Gààrí ló ń yan. Boniface ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́. Èéfín ti ba ojú rẹ̀ jẹ́, ẹ̀yìn ń dùn ún láàárọ̀, ó ń dùn ún lálẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún un ni Ṣèyíọlá. Ọmọ ọ̀hún kò fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì, kò fẹ́ ṣe tíṣà. Ó ní bàálù ológun ni òun fẹ́ wà. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín, kò sì sunkún. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kàn ní, "Olúwa, ìwọ lo ni ín." Wọ́n gba ọmọ náà, ó sì lọ sí òkè Ọya.

Nígbà tó kọ́kọ́ gba ìsinmi wálé, ó ti gbẹ bí igi ìṣáná, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò gbẹ. Ọ̀dọ̀ Hàlímàt onídìrí ló lọ jókòó. Ọmọ Ìkàrẹ́ ni Hàlímàt, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé wọn. Ibẹ̀ ni Ṣèyíọlá ti ń ròyìn bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn níṣẹ́.

"Wọ́n á fi aṣọ dí wa lójú, wọ́n á ní ká máa fọwọ́ kan gbogbo bọ́tìnnì inú ọkọ̀, ká máa dárúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan. Bí o bá ṣi ọ̀kan, o di ẹni tó ń sáré yípo pápá pẹ̀lú àpò iyanrìn lórí."

"Àbí ẹ̀wọ̀n ni wọ́n mú ọ lọ?" Hàlímàt bi í.

"Ẹ̀wọ̀n sàn. Wọ́n máa ń sùn lẹ́wọ̀n."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣèyíọlá wo àga kan nínú ṣọ́ọ̀bù náà, èyí tó ń yí, tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí. Ó sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, ẹ wá jókòó síbí."

"Kí n wá ṣe kí ni? Gààrí mi wà lórí iná."

"Ẹ ṣáà wá, Màmá."

Ó tú gèlè orí ìyá rẹ̀, ó fi dí i lójú. Ó rọra ń yí àga náà sí ọwọ́ òsì. Ó ń yí i, ó ń yí i, jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ó dá a dúró.

"Màmá, ibo là ń yí sí báyìí?"

"Ọwọ́ ọ̀tún."

Hàlímàt bú sẹ́rìn-ín, ó já gèlè kúrò. Àga dúró gbọn-in lójú kan.

"Ẹ rí i?" Ṣèyíọlá ní. "Ohun tí Ọ̀gá Salahudeen tó ń kọ́ wa máa ń sọ nìyẹn. Bí o bá wọnú kùrukùru, ara rẹ á máa parọ́ fún ọ. Apá kan ọkọ̀ lè máa lọ sílẹ̀, kí ara rẹ máa sọ pé o jókòó dáadáa. Ó ní aago iwájú wa, tó ń fi bí ọkọ̀ ṣe dúró hàn, ni ká gbàgbọ́. Ẹni tó bá gba ara rẹ̀ gbọ́, ká yáa ti bá a gbẹ́lẹ̀ sílẹ̀."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́," ni ìyá rẹ̀ wí. Ó sọ̀ kalẹ̀, orí ṣì ń pòòyì. Gààrí ti jóná.

Ọjọ́ tí Ṣèyíọlá máa padà, ìyá rẹ̀ sìn ín dé gáréèjì ní Ọ̀wọ̀. Awakọ̀ ń pariwo, "Àkúrẹ́! Ó ku ẹnì kan!" Ìyá Ṣèyí fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sọ ọ̀rọ̀ tí ìyá tirẹ̀ sọ fún un, èyí tí gbogbo wa gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà.

"Bí ohùn kan bá pe orúkọ rẹ, tí o kò rí ojú ẹni tó pè ọ́, má dáhùn o. Ẹni tó bá dáhùn ti bá a lọ nìyẹn."

"Màmá! Ohùn tí a kò rí ojú ẹni tó ni ín ni iṣẹ́ wa. Òun là ń dá lóhùn lórí rédíò látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí a kò bá dáhùn, ó parí nìyẹn." Ó rí ojú ìyá rẹ̀, ó rọ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n wọn kì í pe orúkọ ilé níbẹ̀. Orúkọ mìíràn ni wọ́n fún wa."

"Ìyẹn dáa. Kí ẹnikẹ́ni má pe Ṣèyíọlá tèmi lókè."

"Bí èmi bá wá pè yín ńkọ́? Bí ẹ̀rù bá bà mí lókè, tí mo bá ké Màmá?"

"Màá dáhùn."

"Ẹ ṣèlérí."

"Mo ṣèlérí. Ó yá, wọkọ̀, àwọn èèyàn ń wò wá."

Ọyẹ́ ọdún náà le. Ètè bẹ́, ẹsẹ̀ là. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Ṣèyí ti gbàdúrà tán, ó ti koná mọ́ ìdí agbada lẹ́yìnkùlé. Kùrukùru bo gbogbo nǹkan. Igi mángòrò tó wà níwájú rẹ̀ gan-an, kò rí i. Àkùkọ kò kọ. Ọ̀kadà kan kò kọjá. Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́, bíi pé ẹnì kan fi aṣọ bo ìlú.

Ó wá gbọ́ ìró ọkọ̀. Òkè ló ti ń bọ̀.

Kì í ṣe ìró bàálù ńlá tó máa ń kọjá lọ ní òkè réré. Kékeré ni. Ó ń kùn bí agbọ́n nínú agolo. Ó ń yípo lórí òrùlé rẹ̀. Ó ń sún mọ́lẹ̀.

"Màmá!"

Láti ẹ̀yìn igi mángòrò ni. Ohùn Ṣèyíọlá ni. Kì í ṣe ohùn tó jọ ọ́. Òun ni.

Ó la ẹnu. Ó rántí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀. Ó pa ẹnu dé.

"Màmá!"

Ó di igbá tó fi ń ro gààrí mú. Ó ń ka Sáàmù nínú ọkàn rẹ̀, ó ń ṣì í, ó ń tún un bẹ̀rẹ̀.

Ìpè tó tẹ̀lé e kò le mọ́. Ó dà bí ohùn ẹni tó ti rẹ̀.

"Màmá..."

Kò dáhùn. Ìró ọkọ̀ náà dákẹ́ lójijì. Àkùkọ kọ. Kò pẹ́, Hàlímàt yọjú láti ẹ̀gbẹ́ ilé, pákò wà lẹ́nu rẹ̀.

"Màmá Ṣèyí, ta ló ń pè yín tí ẹ kò dá lóhùn? Mo rò pé Ṣèyí ti dé ni."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, fóònù dún. Ṣèyíọlá ni. Ohùn rẹ̀ ti há.

"Màmá, mo ti dá fò lónìí. Èmi nìkan. Wọ́n ti da garawa omi lé mi lórí, àṣà wọn nìyẹn."

"Ọpẹ́ ni fún Olúwa."

"Màmá, díẹ̀ ló kù kí n má dé. Eruku ọyẹ́ ló gbé mi mì lókè. N kò rí ilẹ̀, n kò rí ọ̀run. Rédíò ya odi. Ara mi ń sọ pé mo jókòó dáadáa. Ẹ̀rù bà mí, mo gbàgbé aago, mo gbàgbé gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi. Mo kàn ń pè yín ni." Ó mí. "Ẹ sì dáhùn. Ẹ ní, 'Ṣèyíọlá, mo wà níbí. Ara rẹ ń parọ́ fún ọ. Apá òsì rẹ ń lọ sílẹ̀. Gbé e sókè.' Mo wo aago, bó ṣe rí nìyẹn. Nígbà tí mo fi gbé e sókè, mo ti ń rí orí igi. Ẹ ṣé, Màmá. Ẹ ṣé tí ẹ dáhùn."

Ìyá Ṣèyí jókòó lé àpò gààrí.

"Ṣèyí, mo gbọ́ ọ nígbà tí o pè. Ṣùgbọ́n n kò dáhùn."

Afẹ́fẹ́ nìkan ló ń fẹ́ nínú fóònù.

"Ta ló wá dáhùn?"

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Nígbà tó padà, oúnjẹ ni wọ́n jọ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Láti ọjọ́ náà, ìyá yìí kò ní ìsinmi. Ẹnì kan ti fi ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ta ni? Kí ló sì máa gbà? Èyí tó tún wúwo jù ni pé ó ṣèlérí fún ọmọ rẹ̀, ọmọ pè, ó dákẹ́. Ó lọ bá àlùfáà. Àlùfáà ní kó dúpẹ́ pé ọmọ yè. Ó dúpẹ́. Ó padà sílé, ó jókòó sẹ́yìnkùlé, ó ń tẹ́tí. Ojoojúmọ́ ló ń tẹ́tí. Ó rẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ́tí. Òjò dé, òjò lọ. Kò gbọ́ nǹkan kan.

Ọyẹ́ tún dé. Ṣèyíọlá wá sílé. Ó ti yege, wọ́n ti lẹ àmì apá ẹyẹ mọ́ ọn láyà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ̀ ti dínkù. Ó ní wọ́n lè jí àwọn lójú oorun nígbàkigbà láti gbéra, pé ó pẹ́ tí òun ti bọ́ bàtà sùn. Bó bá jókòó, ojú rẹ̀ á pa dé fúnra rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì tó dé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lẹ́yìnkùlé. Ṣèyíọlá jókòó lórí àpótí, Hàlímàt ń di irun rẹ̀, Ìyá Ṣèyí ń jọ gààrí. Iná ti lọ. Kùrukùru ti ń bo igi mángòrò.

"Ọ̀gá mi," Hàlímàt ní, "irun yìí le ju bàálù lọ."

"Ẹ rọra, orí èèyàn ni."

"Ọkọ ńkọ́? Ṣé kò sí ọkùnrin níbẹ̀ ni?"

"Wọ́n pọ̀. Oorun ni gbogbo wọn ń fẹ́."

Hàlímàt rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dá dúró láàárín. Kò sí ìró kankan mọ́ ní Iyere. Ajá kò gbó. Ewé kò mì.

Ìró bí agbọ́n inú agolo náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lókè.

"Màmá!"

Láti ẹ̀yìn igi mángòrò ni. Ìlarun bọ́ lọ́wọ́ Hàlímàt. Ó wo ẹnu Ṣèyíọlá. Ẹnu náà wà ní pípadé.

"Màmá," Ṣèyíọlá sọ, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ohùn mi nìyẹn."

"Ẹ má dáhùn o!" Hàlímàt ní. "Màmá Ṣèyí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má dáhùn!"

"Màmá!"

Ìgbà náà ni Ìyá Ṣèyí rí èjìká ọmọ rẹ̀. Èjìká òsì ń lọ sílẹ̀. Ó ń lọ jẹ́jẹ́, bí ọkọ̀ ojú omi tó fẹ́ dojú dé.

"Ṣèyí, jókòó dáadáa."

"Mo jókòó dáadáa, Màmá."

Ó ń lọ sílẹ̀. Hàlímàt ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ apá rẹ̀, ó fẹ́ gbé e dìde, kò lè gbé e. Ó wúwo bí àpò ẹ̀gẹ́ tútù. Orí rẹ̀ ti fẹ́ kan ilẹ̀. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó sì ń wò wọ́n bíi pé àwọn ló wọ́.

"Mo jókòó dáadáa," ó tún wí.

"Màmá..." ni ohùn ẹ̀yìn igi wí. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ti ń lọ.

Ìyá Ṣèyí gbé ajọ̀ sílẹ̀. Ó dìde pẹ̀lú ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń dùn ún. Ó rántí ohun tí àwọn àgbà wí, ó rántí rẹ̀ dáadáa. Ó kọjú sí kùrukùru.

"Ṣèyíọlá!" ó ní. "Mo wà níbí. Ara rẹ ń parọ́ fún ọ. Apá òsì rẹ ń lọ sílẹ̀. Gbé e sókè."

Ohùn ẹ̀yìn igi kò pè mọ́.

Èjìká náà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ṣèyíọlá tún tọ́ lórí àpótí. Ìró ọkọ̀ náà gòkè pẹ̀lú rẹ̀, ó kọjá lórí òrùlé, ó dorí kọ òkè Ọya, ó sì dín títí wọn kò fi lè mọ̀ bóyá ìró ni àbí etí wọn ló ń kùn. Hàlímàt ń sunkún. Kò di irun náà parí.

Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yẹn? Ìyá ní ẹnu ọmọ òun ni òun ti gbọ́ ọ. Ọmọ ní ẹnu ìyá òun ni. Èmi tí mò ń sọ ọ́ fún yín, n kò mọ̀.

Ṣèyíọlá ti padà síbi iṣẹ́, ara rẹ̀ le. Hàlímàt ti kó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ sí ìgboro Ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹ wo ìyá kan tó máa ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé. Èjìká òsì rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Lọ́jọ́ Àjíǹde, díẹ̀ ni. Nígbà tó fi di ìkórè, mo ti ń fi ìrọ̀rí tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mo ní, "Ìyá Ṣèyí, ẹ jókòó dáadáa."

Ó ní, "Mo jókòó dáadáa."

Mo bi í lọ́jọ́ kan bóyá ó kábàámọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó ti rẹ̀. Ó ní ní gáréèjì, níṣojú èèyàn, òun sọ fún ọmọ òun pé bó bá pè, òun á dáhùn. Ó ní ó pẹ́ o, ṣùgbọ́n òun dáhùn.