Nígbà Tó Bá Ní "Mò Ń Bọ̀"

Àga ló kọ́kọ́ rí, kò rí ènìyàn. Àga onítìmùtìmù ńlá kan ń bọ̀ nínú òjò, ó ń fi ẹsẹ̀ méjì tó wọ bàtà rin, ó sì ń bẹ àwọn tó ń kọjá pé kí wọ́n má bínú. Ó forí gbá òkè ilẹ̀kùn ìsọ̀, ohùn kan sì jáde lábẹ́ rẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ibí ni wọ́n ti ń tún àga ṣe?"

Obìnrin tó ni ìsọ̀ náà gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tú àga tó ti gbó, kó pààrọ̀ tìmùtìmù rẹ̀, kó sì rán awọ tuntun bò ó. "Ibí ni," ló wí. "Àmọ́ àga kì í sábà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín lábẹ́ ẹrù. Dígí ojú tí wọ́n fi ń ríran ló ń ṣe ní òpópónà kejì. Bàbá rẹ̀ tó ti kú ló ni àga yìí. Ó ní kí wọ́n tún gbogbo rẹ̀ ṣe, àfi apá òsì, níbi tí ọwọ́ bàbá òun ti jẹ awọ náà. Obìnrin náà wò ó dáadáa, torí kò tíì rí oníbàárà tó mọ ohun tí kò yẹ kí wọ́n tún ṣe.

Àga parí, ọkùnrin ò yé wá. Ó sọ obìnrin náà ní Ìyá Àga, obìnrin náà sì sọ ọ́ ní Onídígí. Kí òjò ọdún kejì tó dé, Onídígí ti fún un ní kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dà wọ́n láàmú. Bí Onídígí bá fẹ́ jáde, á ní, "Olólùfẹ́, mò ń bọ̀," bí gbogbo ayé ṣe ń sọ ọ́. Bó bá sì pẹ́ díẹ̀, ilé òfìfo ló máa bá: Ìyá Àga á ti kó ẹrù rẹ̀ lọ, kọ́kọ́rọ́ á wà lórí àga bàbá Onídígí. Lẹ́ẹ̀kíní, ó fi rẹ́rìn-ín. Lẹ́ẹ̀kejì, ó bẹ̀ ẹ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọkọ̀ ló bà jẹ́ sọ́nà, ó fẹsẹ̀ rìn délé, ó sì tún bá kọ́kọ́rọ́. Ní ọjọ́ kejì, ó wá sí ìsọ̀.

"Kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Mo rò pé o ti fi mí sílẹ̀ lọ ni. Mo ní kí n tètè kúrò kí n má baà rí i pé o ò padà wá."

"Mi ò bínú, Ìyá Àga. Ó rẹ̀ mí ni." Ó jáde, kò sì sọ pé òun ń bọ̀.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni Ìyá Àga dàgbà sí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ìyá rẹ̀ gbé e jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, tó ní, "Má kúrò níbí. Mò ń bọ̀." Ìyá rẹ̀ ò padà. Ẹ̀gbọ́n ìyá ló wá mú un nírọ̀lẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì sọ ọ̀rọ̀ náà nílé mọ́.

Nọ́ọ̀sì kan tó wá gba àga rẹ̀ ló bá a níbi tó ti ń sunkún sórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó bi í léèrè, Ìyá Àga sì sọ ohun gbogbo fún un. "Ohun tí ọmọdé gbà gbọ́ nígbà tí ojú ń pọ́n ọn," ni nọ́ọ̀sì wí, "tí àgbà ṣì fi ń gbé ayé láìmọ̀, òun ni wọ́n ń pè ní sikíímà. Ìtọ́jú wà fún un. Wọ́n á bá yín wá ọmọ yẹn rí, ẹ ó sì jọ tọ́jú rẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo olùtọ́jú ọkàn ló mọ̀ ọ́n ṣe o. Ẹ bi wọ́n níbi tí wọ́n ti kọ́ ọ."

Ìyá Àga bi wọ́n. Ẹni àkọ́kọ́ ní kò sí ìtọ́jú tí òun ò mọ̀. Nígbà tí Ìyá Àga bi í níbi tó ti kọ́ èyí, olùtọ́jú náà wo aago. Ìyá Àga dìde, ó jáde. Bóyá ìgbà kan ṣoṣo tí lílọ rẹ̀ bójú mu nìyẹn. Obìnrin àgbàlagbà kan lẹni kejì. "Ọ̀gá kan ló kọ́ mi," ló wí, "mo ṣì ń gbé iṣẹ́ mi lọ fún un wò. Kò ní yá o, ọmọ mi. Ó lè ju ọdún kan lọ."

Ìyá Àga dúró.

"Apá kan nínú rẹ ṣì jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn," ni màmá náà là á yé e. "Apá kejì ń ṣọ́ ọ, òun ló máa ń palẹ̀ ẹrù mọ́ kí wọ́n tó tún fi ọ́ sílẹ̀. Kò burú. Ó ti rẹ òun náà ni."

Lọ́jọ́ kan, màmá náà gbé àga òfìfo kan síwájú rẹ̀, ó ní kó bá ọmọ orí bẹ́ǹṣì náà sọ̀rọ̀. Ìyá Àga tẹ àga náà wò. "Màmá, tìmùtìmù yìí ti kú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì ń mì. Ẹ jẹ́ n bá yín tún un ṣe."

"Mo mọ̀. Jẹ́ kó máa mì. Ta ló jókòó síbẹ̀?"

Ìyá Àga tẹjú mọ́ àga náà. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀. Bàtà rẹ̀ kan ti bọ́, ẹ̀rù sì ń bà á láti sọ̀ kalẹ̀ mú un, torí wọ́n ní kó má kúrò."

"Kí lo fẹ́ sọ fún un?"

"Pé kò ṣe nǹkan kan." Ọ̀rọ̀ tó sọ fún Onídígí nìyẹn, kò sọ ọ́ fún ọmọ náà rí. Ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

Nígbà tó fi máa lè lọ sí ìsọ̀ Onídígí, ọkùnrin náà ti ń di dígí sínú páálí. Ilé ìwòsàn kan lọ́nà jíjìn ti fún un níṣẹ́ ọdún méjì.

"Ká ní o tètè wá ni," ló wí.

"Bí mo bá tètè wá, màá tún sá ni." Ó sọ ohun gbogbo fún un, bẹ́ǹṣì àti bàtà. Onídígí fi ọwọ́ bojú. Ó ní òun ò ní lọ mọ́. "Lọ," Ìyá Àga wí. "O ti ṣèlérí fún wọn. Bí o bá dúró torí ẹ̀rù tó ń bà mí, ẹ̀rù náà lo máa fẹ́, kì í ṣe èmi."

Ibùdó ọkọ̀ ojú irin tí ìyá rẹ̀ fi í sílẹ̀ sí ni wọ́n ti dágbére. Onídígí fi kọ́kọ́rọ́ ilé sí i lọ́wọ́.

"Tí mo bá dé, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Bi mí nígbà tí o bá dé. Màá wà nílé."

Onídígí fẹ́ wọkọ̀ láìsọ̀rọ̀, torí ó ti mọ ọ̀rọ̀ tó ń dun olólùfẹ́ rẹ̀. Ìyá Àga di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Sọ ọ́."

"Mò ń bọ̀."

Ọkọ̀ gbéra. Gbogbo ara Ìyá Àga ní kó máa sá lọ. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sunkún lójú gbogbo èrò. "Mo wà níbí," ló wí jẹ́jẹ́ fún ọmọ kékeré náà. Nígbà tí kò gbọ́ ìró ọkọ̀ mọ́, ó wo bàtà rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀.