Níbi Tí Gọ́tà Ti Dí

"Ẹ jáde o! Ẹ̀yin ará Òpópónà Ìrẹ̀pọ̀, ẹ jáde!"

Agogo tó yá ní ṣọ́ọ̀ṣì Kérúbù ni Gbọ́njúbọ́lá gbé dání, ó sì ń mì ín bí ẹni pé ilé kan ń jóná. Praise, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì kan náà, ń sáré tẹ̀lé e, ó ń pín ìwé pélébé tí àwọn méjèèjì fọwọ́ ara wọn kọ. Ohun tó wà nínú ìwé náà kò pọ̀: ìpàdé gbogbo ará òpópónà, ní ọjọ́ kejì tí í ṣe Sunday, láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, níwájú ilé Bàbá Alága. Ọ̀rọ̀ omi ni.

Omi yìí ti sú gbogbo wọn. Ẹ̀yìn àdúgbò Adégbàyí ni òpópónà náà wà. Láti bí ọdún méjì, bí òjò bá ti rọ̀ fún ìdajì wákàtí péré, omi á kún gọ́tà, á sì ya wọ ilé àwọn èèyàn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló wọ yàrá ìyá Praise, ó ba àpò gàrí méjì jẹ́, ó sì sọ gbogbo ìwé Praise di ẹ̀kọ. Ọjọ́ náà ni Gbọ́njúbọ́lá ní òun ò ní dákẹ́ mọ́.

Inú rẹ̀ ń dùn bí wọ́n ṣe ń ti ojúlé kan bọ́ sí òmíràn. Àwọn tí kì í kí ara wọn tẹ́lẹ̀ ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá arúgbó kan ní bí òun ò tiẹ̀ lè gbé ṣọ́bìrì mọ́, òun á fi ògì gbígbóná tọ́jú àwọn tó bá máa ṣiṣẹ́. Fọlájìmí bíríkìlà ní dígà mẹ́ta wà nílé òun.

"Ọmọ yìí, ta ló tiẹ̀ rán ọ níṣẹ́?" ni Fọlájìmí bi í.

"Omi ló rán mi, sà!"

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ìwé tán, Praise ní, "Wọ́n á bi wá pé ibo gan-an ni gọ́tà ti dí. Jẹ́ ká lọ wò ó."

Òkè pátápátá ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí Mahfuz ti ń lẹ táyà. Gbogbo àdúgbò ló máa ń sọ pé táyà rẹ̀ ló dí gọ́tà. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Omi ń ṣàn, táyà sì wà ní ìhà kejì ọ̀nà. Wọ́n ń wò ó lọ títí wọ́n fi dé iwájú ilé kan tó ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ ni omi ti dúró.

Ilé àwọn Gbọ́njúbọ́lá ni.

Bàbá rẹ̀ ló ní kí wọ́n da símẹ́ńtì bo gọ́tà níbẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn, kí ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ lè gbòòrò. Gbọ́njúbọ́lá kúnlẹ̀, ó tan iná fóònù sábẹ́ rẹ̀. Páìpù kékeré kan ni wọ́n kì bọ abẹ́ símẹ́ńtì náà fún gbogbo omi òpópónà láti gbà, ọ̀rá píọ́ wọ́tà sì ti dí ẹnu rẹ̀ pinpin.

Praise fà á dìde. "Gbọ́njú," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "èmi ò rí nǹkan kan o."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Gbọ́njúbọ́lá ju èébú lọ. Ẹni tí omi ba ìwé rẹ̀ jẹ́ ló ń bá a bo àṣírí!

Gbọ́njúbọ́lá wọlé lọ bá bàbá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ọlájídé, tíṣà tí gbogbo àdúgbò ń bọ̀wọ̀ fún, tó tún jẹ́ díákónì ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi. Ó kúnlẹ̀, ó sì ṣàlàyé ohun tó rí.

Ojú bàbá rẹ̀ le. "Agogo tí o ń lù kiri láti àárọ̀, èmi lo fẹ́ fi dójú tì? Má jẹ́ kí n gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ mọ́."

"Ẹ má bínú, sà."

Ìyá rẹ̀ tẹjú mọ́ aṣọ tó ń rán.

Lọ́jọ́ kejì, èrò tó wá sí ìpàdé pọ̀ débi pé ìjókòó ò tó. Bàbá Alága ò tíì parí àdúrà tí ẹnì kan fi kígbe pé, "Táyà Mahfuz ni! Kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò níbẹ̀!" Ariwo sọ.

Mahfuz dìde. "Wáláì, mi ò ju nǹkan kan sínú gọ́tà rí. Ibẹ̀ ni mo ti ń bọ́ ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta. Ẹ ṣàánú mi."

"Ẹni tó bá fẹ́ kó kúrò, kó nawọ́ sókè," ni Bàbá Alága wí.

Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè. Gbọ́njúbọ́lá wo bàbá rẹ̀. Kò nawọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò la ẹnu. Kí ó tó mọ ohun tó ń ṣe, Gbọ́njúbọ́lá ti wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín èrò.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, kì í ṣe Bùrọ̀dá Mahfuz! Mo ti wo gọ́tà náà látòkè délẹ̀. Iwájú ilé tiwa ló ti dí."

Gbogbo ojú yí sí Ọ̀gbẹ́ni Ọlájídé. Ó dìde, Gbọ́njúbọ́lá sì di ojú rẹ̀.

"Òótọ́ ló sọ," ni bàbá rẹ̀ wí. "Àná ló ti sọ fún mi, mo sì ní kó pa ẹnu mọ́. Mahfuz, jọ̀ọ́, dárí jì mí." Ó bọ́ fìlà rẹ̀. "Fọlájìmí, dígà rẹ dà?"

"Nísinsìnyí, sà?"

"Nísinsìnyí kẹ̀!"

Ariwo ayọ̀ ta. Ọ̀gbẹ́ni Ọlájídé fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé dígà lé símẹ́ńtì náà. Mahfuz gbé irin gbọọrọ wá, ó fi gún un, símẹ́ńtì là, omi dúdú sì ru jáde gùù. Ni ìyá kan bá ní, "Ẹ máa bọ̀ níwájú ilé tèmi náà, èmi náà bò ó." Bàbá Alága họ orí, ó rẹ́rìn-ín ìtìjú. Ibi tí mọ́tò rẹ̀ ń gbà wọlé náà bo gọ́tà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ilé méje ni wọ́n ti fọ́ símẹ́ńtì iwájú wọn. Ọmọdé ń kó ọ̀rá, àgbà ń ti bárò, ògì ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́.

Kò rọrùn nílé àwọn Gbọ́njúbọ́lá. Orí pákó ni àwọn oníbàárà ìyá rẹ̀ ń gbà wọ ṣọ́ọ̀bù, fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko sì ni bàbá rẹ̀ ò fi bá a sọ̀rọ̀ ju kí ó dá ìkíni rẹ̀ lóhùn lọ.

Ọjọ́ Thursday ni òjò ńlá rọ̀. Àwọn èèyàn gbé agbòjò jáde, wọ́n wá ń wo gọ́tà! Omi ń sáré nínú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé, kò sì wọ ilé ẹnikẹ́ni. Praise ń fò sókè nínú òjò. Ọ̀gbẹ́ni Ọlájídé wá dúró ti ọmọ rẹ̀.

"O lágídí," ó wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n ká ní o dákẹ́ ni, à bá ti lé aláìṣẹ̀ lọ, omi ì bá sì tún wọlé lónìí."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn ọ̀dọ́ òpópónà kejì wá pé kí Gbọ́njúbọ́lá wá bá àwọn náà pe ìpàdé. Ó ní òun á wá. Ó ti mọ̀ báyìí pé pípe àwọn èèyàn jáde kọ́ ló ṣòro jù. Ohun tó ṣòro ni kéèyàn jẹ́wọ́ àṣìṣe ilé tirẹ̀ kó tó nàka sí ti ẹlòmíràn. Bí ẹnì kan bá ti lè ṣe ìyẹn, àdúgbò á dìde tẹ̀lé e.