Fíìmù Tí Èmi àti Bàbá Mi Kò Jọ Wò

"Ó ti dé!" ni bàbá mi wí bí mo ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Irin gbígbóná tó fi ń lẹ wáyà rédíò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń rú èéfín. "Akọ̀wé mi, fíìmù wa ti dé sinimá. Lọ́sàn-án Sátidé, èmi àti ìwọ ni."

Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni bàbá mi ń tún ṣe. Orí tẹlifíṣọ̀n oníbàárà kan tí kò padà wá gbé e la ti wo apá àkọ́kọ́ fíìmù náà, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá. Nínú rẹ̀, àwọn kan rí ọkọ̀ ńlá kan láàrin àwọn ìràwọ̀: abọ́ wà lórí tábìlì, aṣọ wà lórí okùn, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀dá alààyè kan níbẹ̀. Ibẹ̀ ló parí sí. Ọdún márùn-ún gbáko la fi jiyàn lé e lórí. Èmi ní ogun ló kó wọn. Bàbá mi ní rárá, àwọn fúnra wọn ló jáde, nítorí àwọn ọmọ wọn. Fíìmù tuntun yìí ni yóò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú.

"Ẹ rọra o," ni ìyá mi, tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, wí. Ó tó oṣù mẹ́ta tí ọkàn bàbá mi ti ń ṣàìsàn. Bó bá gun àtẹ̀gùn mẹ́ta, orí ìkẹrin ni yóò jókòó sí.

"Ṣé èmi ni mo fẹ́ wa ọkọ̀ ọ̀hún ni? Ìjókòó lásán ni," ni bàbá mi dáhùn. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà nílé-ìwé tí à ń pè ní Kíákíá, torí pé kò sí ohun tó lè mú un jókòó pẹ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí a ṣe jáde ní kíláàsì, ó fà mí lọ́wọ́.

"À ń lọ sinimá báyìí. Àbí bàbá ẹ lo ṣì fẹ́ máa tẹ̀ lé kiri bí ọmọ ọwọ́?"

Ojú tì mí. Mo bá òun àtàwọn ẹgbẹ́ wa lọ wo fíìmù tí èmi àti bàbá mi ń dúró dè.

Fíìmù náà kò kánjú rárá. Fún ìgbà pípẹ́, ẹnikẹ́ni kò sáré, ìbọn kankan kò dún. Obìnrin kan ń fọ irun ọmọ rẹ̀. Àwọn méjì ń jà lórí ẹni tí yóò fọ abọ́. Ọkàn mi ti wọ inú rẹ̀ lọ, àmọ́ Kíákíá ń pòṣé.

"Kí làwọn èyí ń dúró dè?"

Èmi náà sì pariwo pé, "Ìgbín ló ń wa ọkọ̀ wọn!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, ẹ̀rín náà sì dùn mọ́ mi. Fíìmù náà kò tíì dé ìdajì tí a fi jáde.

Nígbà tí mo délé, bàbá mi ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì tó fẹ́ wọ̀ lọ́la. N kò lè sọ pé mo ti wò ó láìsí rẹ̀ níbẹ̀. Mo bá purọ́.

"Bàbá, wọ́n ní fíìmù yẹn ò dáa o. Ó ń fà jù. Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú."

Ó ká ṣẹ́ẹ̀tì náà. "Ó dáa. Má jẹ́ kó dùn ẹ́. Bó bá dé orí tẹlifíṣọ̀n, a óò wò ó."

Lọ́jọ́rú, wọ́n wá pè mí ní kíláàsì. Bàbá mi ti ṣubú ní ṣọ́ọ̀bù. Kí n tó dé ilé ìwòsàn, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Lẹ́yìn oṣù kan, mo dá lọ sí sinimá náà. A kò ju méje lọ níbẹ̀. Mo jókòó títí dé òpin, ìgbà náà ló yé mi ìdí tí fíìmù náà kò fi kánjú. Àwa òǹwòran ti mọ̀ pé ọkọ̀ náà yóò ṣófo. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ kò mọ̀. Ẹni tó ṣe é fẹ́ ká jókòó tì wọ́n nígbà tí wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Ní ìgbẹ̀yìn, afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ ń tán lọ, àwọn òbí sì gbé àwọn ọmọ wọn jáde lọ wá ibòmíràn. Bàbá mi ló jàre. N kò rí i sọ fún.

Mo sunkún délé, mo sì jẹ́wọ́ fún ìyá mi. Ó fà mí jókòó tì í.

"Bàbá ẹ mọ̀," ló wí. "Ó rí tíkẹ́ẹ̀tì nínú àpò aṣọ ilé-ìwé ẹ láàárọ̀ Sátidé yẹn. Mo fẹ́ bá ẹ wí, ó ní kí n fi ẹ́ sílẹ̀. Ó ní, 'Ọmọ mi ni. Òun fúnra rẹ̀ á wá sọ fún mi.'"

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi dúró dè mí.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ má ṣe fi ohun tí ẹ fẹ́ràn ṣẹ̀sín kí ẹ lè bá ẹgbẹ́ rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá sì ti purọ́ fún ẹni tó fẹ́ràn yín, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la kí ẹ tó sọ òtítọ́. Kíákíá ti gbàgbé fíìmù náà pátápátá. Èmi kò lè gbàgbé rẹ̀.