Ewé Ojú Ọ̀nà Ọ̀wẹnà

"Jọ̀ọ́, má kú fún mi níbí!" Monílọ́lá ń bẹ irin bí ẹni ń bẹ ènìyàn. Alùpùpù náà wúkọ́, ó tu èéfín dúdú, ó sì dákẹ́ pátápátá, ní kété tó yọ ní kọ́nà burúkú kan lẹ́yìn afárá Ọ̀wẹnà.

Ọjọ́ kẹta ìrìn-àjò náà nìyí. Ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn alùpùpù àtijọ́ ló ṣètò rẹ̀: láti Àkúrẹ́ lọ sí Ìlọrin, kí wọ́n gba Ìbàdàn àti Ifẹ̀ bọ̀ sí Oǹdó, kí wọ́n sì parí rẹ̀ sí Alágbàká, l'Àkúrẹ́. Alùpùpù tí kò bá tíì pé ọgbọ̀n ọdún kò gbọdọ̀ bá wọn lọ. Ẹni tó bá wọlé kí wọ́n tó ti géètì ibẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta yóò gba àmì-ẹ̀yẹ. Ẹni tó bá pẹ́, "ẹ kú iṣẹ́" lásán ni yóò gbà.

Monílọ́lá, ọmọ ọdún méjìdínlógún tó ń múra ìdánwò àṣekágbá, kò wá ṣeré. Alùpùpù yìí ni bàbá bàbá rẹ̀ fi ra kòkó kiri agbègbè Ìta-Ògbólú. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí epo ti gbówó lórí, bàbá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Akíntóyè, ti fẹ́ tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Monílọ́lá bẹ bàbá rẹ̀ títí.

"Kí ló kù lára ẹ̀?" ni bàbá wí. "Kò lè gun òkè Ọ̀wẹnà mọ́ láyé. Ó dáa, bó o bá gba àmì-ẹ̀yẹ bọ̀, mi ò tà á mọ́. Bó ò bá rí i gbà, ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń bọ̀ wá gbé e."

Monílọ́lá bọ́ sílẹ̀, ó ṣe ohun tí gbogbo awakọ̀ ń ṣe: ó ṣẹ́ ẹ̀ka igi tó léwé, ó tò wọ́n sójú títì ṣáájú kọ́nà, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ̀ pé ọkọ̀ kan ti kọṣẹ́ níwájú. Dúrótoyè, ọmọ Oǹdó tí wọ́n ti jọ ń rìn bọ̀ láti Ifẹ̀, dúró tì í. Monílọ́lá tú pọ́lọ́ọ̀gì, ó ha ẹ̀gbin ara rẹ̀ dànù, ó dè é padà, ó sì fẹsẹ̀ ta á. Ó dáhùn!

"Ọmọ yìí, o le o!" ni Dúrótoyè pariwo. Ni wọ́n bá tẹná.

Òkè tí bàbá sọ, alùpùpù náà gùn ún. Ó ń kérora, àmọ́ ó gùn ún. Inú Monílọ́lá dùn débi pé orin bọ́ sí i lẹ́nu. Orí òkè ló dé tí àyà rẹ̀ fi já.

"Toyè! Mi ò kó ewé mi kúrò lójú ọ̀nà!"

"Ewé? Ṣé òkúta ni? Atẹ́gùn á gbé e lọ. Wọn ò ní pẹ́ ti géètì o!"

"Bàbá Adébùsóyè, àgbà ẹgbẹ́ wa, ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn."

"Bàbá yẹn ti ń gun máṣíìnì kí wọ́n tó bí bàbá ẹ. Jẹ́ ká lọ!"

Monílọ́lá tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń lọ ni ọkàn rẹ̀ ń gún un, kò sì pẹ́ tó fi dúró. "Toyè, máa lọ. Mo ń padà."

Nígbà tó fi dé kọ́nà náà, ó ti pẹ́ díẹ̀ jù. Bàbá Adébùsóyè, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ó di orúnkún mú. Ó rí ewé, ó yà fún ọkọ̀ tí kò sí níbẹ̀; bọ́ọ̀sì yọ lójijì níwájú rẹ̀, ló bá já sí gọ́tà.

Monílọ́lá kúnlẹ̀. "Ẹ forí jì mí, Bàbá. Èmi ni mo kó ewé síbẹ̀. Mo tiẹ̀ rántí, mi ò sì tètè padà."

Bàbá ní, "O ṣeun tó o sọ òótọ́. Àmọ́ ewé yìí ni ọ̀nà fi ń bá àwa awakọ̀ sọ̀rọ̀. Bó o bá fi í sílẹ̀ níbi tí kò séwu, irọ́ lo pa yẹn. Bó bá dọ̀la, ẹni tó bá rí ewé kò ní yà mọ́. Ẹni tó bá sì sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹ̀ ló máa bà."

Ojú ti Monílọ́lá gan-an. Ó ṣa ewé náà kúrò láìku ẹyọ kan, ó fi ìborùn rẹ̀ di orúnkún Bàbá, ó sì bá a gbé alùpùpù rẹ̀ dìde. Wọ́n jọ rọra gun òkè náà.

Nígbà tí wọ́n dé Alágbàká, wọ́n ti ti géètì. Dúrótoyè ti so àmì-ẹ̀yẹ kọ́rùn, kò sì lè wojú Monílọ́lá. Ọ̀gbẹ́ni Akíntóyè dúró lẹ́nu géètì.

"Mi ò rí i gbà, sà," ni Monílọ́lá wí pẹ̀lú omijé, ó sì ro gbogbo ẹjọ́ náà, kò fi ẹ̀bi ara rẹ̀ pamọ́.

Bàbá rẹ̀ gbọ́ ọ tán, ó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì náà. "O ti gun òkè Ọ̀wẹnà tán kó o tó padà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O sì tún un gùn?"

"Ojú mi ló ṣe," ni Bàbá Adébùsóyè dá sí i. "Díẹ̀ ló kù kó fi tèmi sílẹ̀."

Ọ̀gbẹ́ni Akíntóyè mirí. "Ohun tó gun òkè yẹn lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan kì í ṣe irin àlòkù. Kí wọ́n má wulẹ̀ wá lọ́jọ́ Ajé mọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ ni wàá máa fi í gbé Bàbá lọ sílé ìwòsàn, títí orúnkún wọn á fi san."

Tayọ̀tayọ̀ ni Monílọ́lá fi gbà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, gbogbo wa la máa ń ké sí aráyé nígbà tí ìṣòro bá dé bá wa. Bí tiwa bá ti yanjú, ẹ jẹ́ ká rántí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ká sì kó ewé wa kúrò lójú ọ̀nà.