Adùn Tí Wọ́n Yọ Lẹ́nu Ìbíyẹmí

Wọ́n yọ adùn ọbẹ̀ kan kúrò lẹ́nu Ìbíyẹmí, wọn ò sì tọrọ rẹ̀.

Ilé oúnjẹ Ìyá Ànán ló ti ṣẹlẹ̀, ní Ìsàlẹ̀-Ihò, àdúgbò àwọn Yorùbá tó tẹ̀dó sínú òṣùpá. Ará Tàílándì ni Ìyá Ànán. Ilé oúnjẹ rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ: bẹ́ǹṣì gígùn, tábìlì tí ata ti bó àwọ̀ rẹ̀, àwọn tó ń jẹun á sì máa fi ìgbọ̀nwọ́ gbún ara wọn. Ọbẹ̀ ẹdẹ rẹ̀ ló sọ ọ́ di ará ilé. Ó kan, ó ta, òórùn ewé tíì rẹ̀ á sì ti máa ta sánsán láti ẹnu ọ̀nà. Ìbíyẹmí ló kọ́ ọ pé kó máa kán ọbẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ kó tó lá a, nítorí ẹni tó fi ṣíbí tọ́ ọbẹ̀ wò, irin ló tọ́ wò. Ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí Ìyá Ànán kú, kò sọ bó ṣe ń sè é fún ẹnì kankan. Ànán ọmọ rẹ̀ ń sè é, kò jọ ọ́. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, Ìbíyẹmí á tọ́ ọ wò, á ní, "Ó kù díẹ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ rẹ ń bá ẹdẹ jà." Òun nìkan ló kù tí adùn náà wà lẹ́nu rẹ̀ pérépéré.

Èyí ni Ọ̀mọ̀wé Fìjàbí, ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ oúnjẹ, gbọ́ tó fi gbé Atọ́wò wá. Ẹ̀rọ yìí kò lẹ́nu. Eruku tí ojú ò lè rí ló ń bù sínú ọbẹ̀. Eruku náà á gba orí ahọ́n wọ ibi tí ọpọlọ ń kó adùn pamọ́ sí, á mú un wá fún ìkòkò tó ń dá oúnjẹ sè. Òfin ní kí eruku sùn títí ẹni tó ni ahọ́n á fi gbà. Láyé ìgbà náà, kò sẹ́ni tó ń buwọ́ lùwé mọ́. Ẹni tó bá ti la àtẹ́lẹwọ́ níwájú dígí orí tábìlì, ó ti gbà nìyẹn.

Ìbíyẹmí jókòó, ó la ọwọ́, ó kán ọbẹ̀ sí i bó ti ń ṣe láti kékeré. Dígí tàn. Ó lá a.

Nígbà tó tún padà wá, omi gbígbóná ló bá nínú àwo. Ata ta á lóòótọ́, àmọ́ kò bá Ìyá Ànán níbẹ̀. Àwọn tó jókòó tì í sì ń lá ìka. "Ọwọ́ Ìyá Ànán gan-an rèé," ni wọ́n ń wí.

"Ànán, kí lo ṣe sí mi?"

"Màámi, ẹ má bínú. Wọ́n ní ẹ̀dà rẹ̀ lásán làwọn máa mú."

Fìjàbí nu ẹnu níbi tó ti ń jẹun. "Ẹ ti la ọwọ́, Mà. Dígí rí i."

"Ọbẹ̀ ni mo kán sọ́wọ́."

"Dígí ò mọ ìyẹn."

"Ìwọ ńkọ́? Ilé wo ni wọ́n ti bí ọ, tí ìyá rẹ ò kán ọbẹ̀ sọ́wọ́ rí?"

Ọkùnrin náà wolẹ̀. "Ìyá mi máa ń ṣe é. A ò ronú kàn án."

"Dá a padà."

"Kò ṣeé dá padà. Àwa náà rò pé ẹ̀dà ló ń ṣe. Gígé ló ń gé e. Ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ló ń jẹ ẹ́ báyìí, Mà."

"Wọ́n ń jẹ ẹ́ ni. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n."

Bàbá Adéṣínà, àgbà àdúgbò, fọhùn láti ìdí bẹ́ǹṣì. "Ìbíyẹmí, jẹ́ ó tán síbẹ̀. Ọbẹ̀ ṣá ni."

"Bí wọ́n bá yọ ohùn ìyàwó yín tó kú létí yín, Bàbá, ṣé ẹ ó ní ohùn ṣá ni?"

Bàbá gbé ṣíbí kalẹ̀.

Ìbíyẹmí ti àwo rẹ̀ síwájú Fìjàbí. "Jẹ ẹ́." Ó jẹ ẹ́. "Gbé e mì." Ó gbé e mì.

"Ó dáa. Sọ bó ṣe rí lẹ́nu fún mi. Má sọ fún mi pé ó dùn. Kí ló kọ́kọ́ dé, kíkan ni àbí ata? Ibo lẹdẹ wà? Fìjàbí, ìwọ ni mò ń bá wí. Dá mi lóhùn."